Ọmọ Tí Inú Ń Run Láàárọ̀ Ọjọ́ Ilé-Ìwé

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ká jọ sọ lónìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti ọ̀nà tó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní pírámárì ni. A ń ra yunifọ́ọ̀mù fún wọn, a ń ra ìwé àti bírò, a ń san owó PTA. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í gbé àpò ìwé nìkan lọ sílé-ìwé. Ó ń gbé ọkàn rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Bí ohun kan bá wúwo lọ́kàn ọmọ, ìwé tí a rà ò ní ráyè wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé tèmi, torí ẹni tó fẹ́ gba ẹlòmíì níyànjú, iwájú ilé tirẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gbá.

Ọmọ mi obìnrin wà ní pírámárì kẹta, ó jẹ́ ọmọ ọdún 8 nígbà náà. Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, ó ní inú ń run òun. Mo fún un ní omi gbígbóná, mo ní kó máa lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Mo lọ ra oògùn aràn ní kẹ́míìsì. Lọ́jọ́ kẹta ó bì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, inú ò ní run ún mọ́, yóò máa sáré kiri ìsọ̀. Èmi náà bá ní, "Áà, mo ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀lẹ ni ọmọ yìí ń ṣe." Ọjà ń dúró dè mí, ọkọ̀ tó ń kó ẹrù mi bọ̀ láti Kabba ti dé. Mo mú pàṣán, mo nà án, mo sì lé e lọ sílé-ìwé tòun ti ẹkún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló tú u wò. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ọmọ náà kì í kí wọn ní "okun" mọ́ tó bá dé láti ilé-ìwé. "Gúùdù àfútánúùnù" ló máa ń sọ, á sì wọlé. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń bẹ iṣu, wọ́n pè é kó wá jókòó ti àwọn. Wọn ò bá a wí. Wọ́n kàn ní, "Ìyá mi, kí ló dé tí o ò kí mi ní okun mọ́?" Ọmọ náà kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Màmá àgbà, tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á gbé pátákó kọ́ mi lọ́rùn."

Bí a ṣe wá gbọ́ nìyẹn. Ó kí tíṣà kan ní "okun o" láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ́ ọ nílé. Wọ́n ní èdè ìbílẹ̀ ló sọ. Wọ́n gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn, ó sì gbé e títí di ìgbà tí wọ́n jáde ìsinmi. Gbogbo kíláàsì fi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ kan ti ń pè é ní "Ìyá Okun", wọn ò sì bá a ṣeré mọ́. Inú tó ń run ún kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe aràn. Èmi ìyá rẹ̀ sì ti fi pàṣán kún un.

Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ tèmi nìkan náà ni.

ÀLÀÁFÍÀ KÌ Í ṢE TI ARA NÌKAN

Ní ọdún 1948 tí àjọ ìlera àgbáyé, èyí tí wọ́n ń pè ní WHO, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ti wà nínú ìwé òfin wọn pé ìlera kì í ṣe pé kí èèyàn má ṣàìsàn nìkan. Wọ́n ní ó jẹ́ kí ara dá, kí ọkàn balẹ̀, kí àjọṣe èèyàn pẹ̀lú àwọn tó yí i ká sì dára. Àwọn àgbà tiwa náà ti mọ èyí tipẹ́. Bí a bá ń kí ara wa, a kì í béèrè ara nìkan. A á ní, "Ara ńkọ́? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" A mọ̀ pé ẹni tí ilé rẹ̀ dàrú, ara rẹ̀ ò lè le.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ ilé-ìwé. Nǹkan méjì ló yẹ ká máa wò yàtọ̀ sí ara. Èkíní ni bí inú rẹ̀ ṣe rí: ṣé ó máa ń dùn, ṣé ẹ̀rù ń bà á, ṣé ó lè sọ ohun tó ń dùn ún? Èkejì ni àárín òun àtàwọn ẹlòmíì: ṣé ó lọ́rẹ̀ẹ́, ṣé ó mọ bí a ṣe ń bẹ èèyàn àti bí a ṣe ń gba ẹ̀bẹ̀, ṣé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àbí òun ló ń fi ẹlòmíì ṣe yẹ̀yẹ́?

Àwọn kan á ní, "Ọmọdé mà ni, kí ló mọ̀?" Ẹ jọ̀wọ́, ọmọdé mọ̀ o. Kò kàn ní ọ̀rọ̀ tó lè fi sọ ọ́ ni. Ohun tí ẹnu ò bá lè sọ, ara á bá a sọ ọ́.

Ẹ̀RÙ ÀTI ÌṢIRÒ Ò LÈ GBÉ PỌ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní o jókòó sídìí igbá gààrí rẹ, o sì gbọ́ ariwo pé, "Àwọn agbowó-orí ti dé o, wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù!" Àyà rẹ á máa lù kìkì. Ọwọ́ á máa gbọ̀n. Ìwọ á ti máa wo ibi tí wàá gbé ẹrù sá sí. Kí oníbàárà wá dúró síwájú rẹ ní àkókò yẹn, kó ra múdù mẹ́ta àti ààbọ̀, kó na owó sí ọ, kó ní kí o fún òun ní ṣéńjì. Ṣé wàá lè ṣírò rẹ̀ pé? Bẹ́ẹ̀, o ti ń ṣe ìṣirò yẹn láti ogún ọdún.

Kì í ṣe pé o ò mọ ìṣirò. Ara rẹ ti múra láti sá ni. Bí Ọlọ́run ṣe dá ara nìyẹn. Tí ẹ̀rù bá dé, ọkàn á máa lù kíákíá, èémí á máa yára, ẹ̀jẹ̀ á lọ sí ẹsẹ̀ àti apá kí èèyàn lè sá tàbí kó jà. Ikùn á dá iṣẹ́ dúró díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń run ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, tó sì máa ń fẹ́ bì. Ìrora gidi ni, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ọpọlọ náà á pa ìwé tì, á máa ṣọ́ ibi tí ewu ti ń bọ̀.

Tí ẹ̀rù náà bá wá lọ kíákíá, ara á padà sípò. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni ẹ̀rù ń bà á ní kíláàsì, ojoojúmọ́ ni ara rẹ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀ láti sá. Tíṣà á kọ́ ọ ní ìdá àti ìsọdipúpọ̀, kò ní wọlé. Wọ́n á ní olódo ni. Tí wọ́n bá sì ti pè é ní olódo, ẹ̀rù á tún pọ̀ sí i. Ọmọ kan lè ti ibẹ̀ di ẹni tó kórìíra ìwé títí ayé.

ÀMÌ TÍ A LÈ RÍ

Àwa ọlọ́jà mọ ojú wò. A lè mọ oníbàárà tó fẹ́ rà àti èyí tó kàn ń béèrè iye. Ẹ jẹ́ ká fi ojú yẹn wo àwọn ọmọ wa. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí, tó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má fojú kékeré wò ó:

Inú tàbí orí tó máa ń fọ́ ní ọjọ́ ilé-ìwé, tí kì í sí ní Sátidé àti ọjọ́ ìsinmi.

Ọmọ tó ti ń sùn gbẹ tẹ́lẹ̀, tó wá tún bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ sílé.

Ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, tàbí ẹni jẹ́jẹ́ tó wá di oníjà lójijì.

Ọmọ tí oúnjẹ ò wù mọ́, tàbí tó ń jí lóru pẹ̀lú ẹkún.

Ọmọ tí bírò, ìwé tàbí owó bísíkíìtì rẹ̀ ń sọnù lójoojúmọ́. Ó lè jẹ́ pé àwọn kan ló ń gbà á.

Ọmọ tí kò lè dárúkọ ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó bá ṣeré lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, lórí ọ̀rọ̀ títọ̀ sílé yìí, ẹ má lu ọmọ, ẹ má sì gbé ẹní rẹ̀ síta kí aládùúgbò fi kọrin. Oorun ló wà, kò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe. Ìtìjú á kàn jẹ́ kó burú sí i ni.

OHUN TÓ Ń DÁ ỌKÀN ỌMỌ LÁÀMÚ

Ká sòótọ́, kì í ṣe ilé-ìwé nìkan ló ni gbogbo ẹ̀bi. Àwa náà ní tiwa.

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀sín. Tíṣà lè fi ọmọ ṣẹ̀sín, ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi í ṣẹ̀sín, ìyá rẹ̀ náà lè fi í ṣẹ̀sín lójú oníbàárà. "Wò ó bó ṣe rí, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ̀wé tán." A rò pé à ń ta á jí ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a sọ sí ọmọ lójú èèyàn, ó máa ń pẹ́ lára rẹ̀ ju ẹgba lọ.

Èkejì ni ebi àti àìsùn. Ọjọ́ ọjà dé, a jí ọmọ láago mẹ́rin kó bá wa di ẹrù, kó tún gbé e dé ìsọ̀ kó tó lọ sílé-ìwé. Ó pẹ́ dé, wọ́n ní kó kúnlẹ̀. Kò tíì jẹun. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun bíi wákàtí 9 sí 12 ní òru kan. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń bẹ, mo sì mọ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ níṣẹ́ ilé ò dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ tó sùn wákàtí márùn-ún, tí ebi sì ń pa, ẹkún ò ní jìnnà sí i, ìjà náà ò sì ní jìnnà sí i.

Ẹ̀kẹta ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé. Bàbá àti ìyá ń jà lóru, ọmọ ń gbọ́. Bàbá lọ sí Àbújá tàbí Èkó, kò sẹ́ni tó sọ ìgbà tó máa dé fún ọmọ. Ìyá àgbà kú, gbogbo èèyàn ń se oúnjẹ òkú, kò sẹ́ni tó jókòó ti ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìyá àgbà ló ń sùn sí. Tàbí a mú ọmọ ẹni ẹlẹ́ni wá sílé pé kó wá gbé lọ́dọ̀ wa, kò sì rí ìyá rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jókòó ní kíláàsì kó máa wo pátákó ìkọ̀wé, kó má sì rí nǹkan kan.

Ẹ̀kẹrin ni èdè. Lórí èyí, mo fẹ́ ká dúró díẹ̀, torí ẹ̀rí gidi wà lórí rẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá sì ni ẹ̀rí náà ti wá.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ ILÉ-IFẸ̀

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1923, tó sì di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti 1990 sí 1992, ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ wa máa ń já fáfá nílé. Wọ́n á pa àlọ́, wọ́n á bi èèyàn ní ìbéèrè, wọ́n á ṣe ohun ìṣeré fúnra wọn. Tí wọ́n bá wá dé kíláàsì tí wọn ò gbọ́ èdè tí tíṣà ń sọ, wọ́n á jókòó bí ère. Wọn kì í béèrè nǹkan mọ́. Ohun tí tíṣà bá sọ ni wọ́n á máa sọ tẹ̀ lé e.

Ní 1970, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló fún wọn lówó. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí oríṣi kíláàsì méjì. Apá kan ń kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo yòókù ní Yorùbá láti pírámárì kìíní dé ìkẹfà, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, lọ́wọ́ tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Apá kejì ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: Yorùbá fún ọdún 3, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 3. Wọ́n kọ àwọn ìwé tuntun ní Yorùbá nítorí iṣẹ́ yìí, wọ́n sì mú àwọn ilé-ìwé mìíràn kún un nígbà tó yá. Títí di 1978 ni iṣẹ́ náà lọ.

Ẹ̀rù ń ba àwọn òbí kan nígbà yẹn pé àwọn ọmọ Yorùbá yìí ò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé fún ọdún 6 ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú àwọn iṣẹ́ wọn, wọn ò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọmọ tó lóye ohun tí wọ́n ń sọ máa ń gbé ọwọ́ sókè. Ọmọ tó ń gbé ọwọ́ sókè kì í bẹ̀rù. Fafunwa kú ní 2010, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn ṣì wà nínú ìwé.

Ìjọba ní tiwọn ti ń lọ, wọ́n ti ń bọ̀. Ní 1977, wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà ètò ẹ̀kọ́ pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ pírámárì. Ní 2022, wọ́n ní kó jẹ́ ọdún 6 gbáko. Ní ìparí 2025, wọ́n fagi lé ti 2022 yìí, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ jà lórí ìyẹn, ó lè jà. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání ni pé, kí tíṣà fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni jẹ́ ọ̀tọ̀, kí wọ́n dójú ti ọmọ nítorí èdè ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀. Kò sí ìlànà ìjọba kankan tó ní kí wọ́n gbé pátákó kọ́ ọmọ lọ́rùn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 sọ pé ọmọdé ní iyì tí a gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún.

Ọmọ Ìjùmú, ọmọ Owé, ọmọ Yàgbà, ọmọ Búnú, ọmọ Ọ̀wọ̀rọ̀: ìkíni "okun" yìí ni wọ́n fi ń pe gbogbo wa. Okun, agbára ni. Tí a bá wá sọ fún ọmọ pé ohun ìtìjú ni, agbára wo ló kù tí a fẹ́ fún un?

OHUN TÍ ÌYÁ ỌLỌ́JÀ LÈ ṢE

Mo mọ̀ pé àkókò ò sí. Èmi náà wà lọ́jà láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan tí mo fẹ́ kà yìí, púpọ̀ nínú wọn ò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lóòjọ́, wọn ò sì gba owó.

1. Jẹ́ kí ọmọ jẹun kó tó jáde, kódà kó jẹ́ ẹ̀kọ àti àkàrà méjì. Bá a sọ ọ̀rọ̀ rere kan kó tó lọ. Má jẹ́ kí èébú jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó gbọ́ lẹ́nu rẹ láàárọ̀.

2. Tó bá dé sí ìsọ̀ ní ọ̀sán, má kọ́kọ́ bi í pé, "Ipò kelòó lo mú?" tàbí "Gbé igbá yẹn." Bi í pé, "Ta lo bá ṣeré lónìí? Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Kí ló bà ọ́ nínú jẹ́?" Kó o sì dákẹ́ kó sọ̀rọ̀. Tí oníbàárà bá dé, sọ fún ọmọ pé, "Dúró, mò ń bọ̀ wá gbọ́ ìyókù." Kó o sì padà sí i lóòótọ́.

3. Ọwọ́ ẹni máa ń tú ọ̀rọ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ ò lè sọ̀rọ̀ tí a bá tẹjú mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jọ ń ṣa ẹ̀wà, tí ẹ jọ ń bẹ iṣu, tí ẹ jọ ń fọ́ káṣù, ọ̀rọ̀ á kàn bọ́ jáde ni. Bí ìyá ọkọ mi ṣe gbọ́ tèmi nìyẹn.

4. Tó bá sọ ohun tó dùn ún, má sọ pé, "Ìyẹn náà lò ń sunkún sí?" Kọ́kọ́ sọ pé, "Mo gbọ́. Ó dùn ọ́, àbí?" Ọmọ tí a bá gbọ́ tirẹ̀, ìdajì ẹrù ti sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jọ wá ohun tí ẹ máa ṣe.

5. Bá ọmọ wí, ṣùgbọ́n ìwà tó hù ni kó o bá wí, má ṣe ẹni tó jẹ́. "Ohun tó o ṣe yìí ò dáa" yàtọ̀ sí "Olódo ni ọ́, olè ni ọ́." Àwọn àgbà ní tí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a á fi tòsì fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbàgbé ọwọ́ òsì.

6. Kọ́ ọmọ bó ṣe ń bá ẹgbẹ́ gbé. Àlọ́ ìjàpá tí a ń pa lálẹ́ nígbà kan, ẹ̀kọ́ ìwà ni. Bó ṣe ń pín nǹkan, bó ṣe ń sọ pé "má bínú", bó ṣe ń sọ pé "fi mí sílẹ̀, mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀" láì jà, gbogbo rẹ̀ la fi ń kọ́ ọ. Tó bá sì jẹ́ ọmọ tìrẹ ló ń fi ẹlòmíì ṣe yẹ̀yẹ́, má rẹ́rìn-ín sí i pé ó gbọ́n. Wádìí ohun tó ń ṣe é. Ọmọ tí wọ́n ń nà nílé ló sábà máa ń na ẹlòmíì níta.

7. Má jẹ́ kí ọjọ́ ọjà gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ. Òfin UBE ti 2004 sọ pé pírámárì jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì jẹ́ dandan, òbí ló sì ni ojúṣe pé kí ọmọ máa lọ. Ọmọ tó ń pa ilé-ìwé jẹ ní gbogbo ọjọ́ ọjà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti kọ́ ohun tí òun ò mọ̀, ìtìjú á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

BÍ A ṢE Ń BÁ TÍṢÀ SỌ̀RỌ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dé ilé-ìwé àfi tí wọ́n bá pè wá tàbí tí a bá fẹ́ lọ jà. Méjèèjì ò dáa tó. Tíṣà náà, èèyàn ni. Òun náà lè ní ọmọ àádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú, kí owó oṣù rẹ̀ sì pẹ́ kó tó dé.

Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, má lọ nígbà tí inú ṣì ń ru. Lọ lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde. Kí i dáadáa. Sọ ohun tó o rí, má sọ ohun tó o rò. Sọ pé, "Ọmọ mi kì í jẹun mọ́ láàárọ̀, ó ní àwọn kan ń pe òun lórúkọ kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀yin rí ní kíláàsì?" Má lọ sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Tí kò bá yanjú, lọ bá hẹdimásítà. Tí kò bá tún yanjú, gbé e wá sí ìpàdé PTA, kó o sì wá pẹ̀lú ìyá méjì mìíràn. Ohùn ẹnì kan máa ń dà bí ìjà, ohùn ẹni mẹ́ta máa ń dà bí ọ̀rọ̀ ìlú.

Ẹ sì jẹ́ ká máa dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà tó bá ṣe dáadáa. Ìyẹn náà ń mú iṣẹ́ yá.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA LÈ ṢE

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá rí ọmọ lójú ọ̀nà ní àkókò ilé-ìwé á bi í pé ọmọ ta ni. Ẹ jẹ́ ká padà sí i. Mo dábàá nǹkan mẹ́ta fún ìpàdé wa tó ń bọ̀. Èkíní, kí a ya ibì kan sọ́tọ̀ lábẹ́ ìbòòji lọ́jà, kí a gbé bẹ́ńṣì síbẹ̀, kí àwọn ọmọ lè máa ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé wọn níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ìyá kan máa ṣọ́ wọn ní ìtẹ̀léra. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má rán ọmọ kiri ọjà ní àkókò ilé-ìwé, kì báà jẹ́ ọmọ tirẹ̀ tàbí ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ yan ẹni méjì tí yóò máa lọ sí ìpàdé PTA ní orúkọ gbogbo wa, kí wọ́n máa mú ìròyìn wá.

ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÁ WÁ ÌRÀNLỌ́WỌ́

Àwọn nǹkan kan ju ẹnu ìyá lọ. Tí ọmọ bá ń sọ pé ó sàn kí òun kú, tí ó bá ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ rárá, tàbí tó sọ pé àgbàlagbà kan ń fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ojú tí ń tini. Ẹ gbà á gbọ́, ẹ má bá a wí, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ìfọwọ́kàn, ẹ sọ fún àwọn ọlọ́pàá náà. Tí inú rírun tàbí orí fífọ́ bá sì ń lọ lemọ́lemọ́, kí dókítà kọ́kọ́ wò ó, torí àìsàn ara gidi náà lè wà níbẹ̀. Kí a wo ara, kí a sì wo ọkàn. Ọ̀kan ò ní kí a pa èkejì tì.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ti ọmọ mi ṣe parí. Mo lọ bá tíṣà. Ó kọ́kọ́ bínú. Èmi àti ìyá méjì mìíràn gbé e dé ìpàdé PTA. Ó gba odindi táàmù kan kí wọ́n tó gbé pátákó yẹn kúrò. Kò sí ariwo, wọn ò sì bẹ̀ wá. A kàn dé ọ̀hún lọ́jọ́ kan, a ò rí i mọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó nira jù fún mi kì í ṣe ti ilé-ìwé. Lálẹ́ ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi sọ̀rọ̀ náà fún mi, mo pe ọmọ mi, mo ní, "Má bínú. Mo nà ọ́ nígbà tí inú ń run ọ́ lóòótọ́." Nílẹ̀ wa, ìyá kì í sábà bẹ ọmọ. Ojú tì mí. Ó wò mí títí, ó ní, "Màmá, ṣé mo lè máa sọ fún yín tí wọ́n bá tún ṣe é?" Mo ní kó máa sọ fún mi.

Inú ò run ún mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò tíì fẹ́ lọ, a ó sì jókòó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá dé ìsọ̀ ní ọ̀sán, ó ti ń kí gbogbo yín ní "okun o". Ẹ jọ̀ọ́, tó bá kí yín, ẹ dá a lóhùn sókè kó gbọ́.

Okun o, ẹ̀yin ìyá wa. Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ náà dàgbà.